Bọ́ọ̀sì méjì tí ẹgbẹ́ wa rà l'Ógbómọ̀ṣọ́, àti olè tí gbogbo wa ń wá

Àwọn èèyàn ṣì ń bi mí títí di òní pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, ṣé lóòótọ́ ni dírẹ́bà yẹn kó wa lówó lọ. Mo ti dáhùn títí ó ti sú mi, ni mo bá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni akọ̀wé nígbà yẹn, ìwé wà lọ́wọ́ mi, mo sì jókòó nínú ọkọ̀ náà fún odindi ọjọ́ mẹ́fà tí mò ń ka orí èèyàn bí ẹni ń ka ẹran. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ o, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá mọ̀ wá ti mọ̀ wá náà nìyẹn.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wá, a jẹ́ 212. Tíṣà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, wà níbẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà náà ò kéré. Ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ò ju ká dá owó lóṣooṣù, ká yá ara wa, ká jọ ra ìrẹsì àti òróró tí ọdún bá ń parí lọ. Ìnira kan tó kan púpọ̀ nínú wa ló bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹni tó bá ń gbé Under-G tó fẹ́ dé Tákíè láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, á dúró ti Micra, takisí kékeré yẹn, Micra ò sì ní gbéra àfi tó bá kún, tí ẹ bá wá jẹ́ mẹ́ta péré nínú ẹ̀, ẹ ó máa wo ojú ara yín ni. Ẹni tí ò bá lè dúró á gun ọ̀kadà, ìyẹn náà sì lówó tiẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló dìde ní ìpàdé, ó ní lóṣù kan ṣoṣo òun pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta náà sì rèé, inú Micra tó jókòó sójú kan lòun wà. Alága wá ní ṣé àwa ò lè ra ọkọ̀ tiwa ni, ọkọ̀ tó jẹ́ pé tí aago bá ti lù, ó ń lọ nìyẹn, bó kún bí ò kún. Àtẹ́wọ́ gba ilé. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mi ò ní parọ́.

Ẹ bá mi mú ọ̀rọ̀ yẹn dání, "bó kún bí ò kún", torí òun gan-an ló jẹ owó wa.

Oṣù kẹsàn-án 2022 la ra bọ́ọ̀sì Hiace tòkunbọ̀ méjì, mílíọ̀nù mẹ́jọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a tó kun ọ̀dà sí i, kí a tó ṣe ìwé. Dírẹ́bà ọkọ̀ àkọ́kọ́, Bàbá Ìbejì la máa ń pè é, àgbà dírẹ́bà tó ti ń na Ìlọrin kí púpọ̀ nínú wa tó mọ ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń wa ìkejì. Kọ́ńdọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Ọkọ̀ kan á lọ á bọ̀ ní ìgbà 16 lójúmọ́, ìyẹn ni pé ìrìn 32 tí a bá ka àlọ àti àbọ̀ lọ́tọ̀, Under-G sí Tákíè sí Sábó, láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí dé mẹ́jọ alẹ́, tí méjèèjì bá sì ń tẹ̀lé ara wọn dáadáa, ẹnikẹ́ni ò ní dúró ju ìdajì wákàtí lọ. A gbé owó ọkọ̀ sí ₦100.

Inú wa dùn o! Ní oṣù kẹwàá 2022, tí ọkọ̀ kan bá délé lálẹ́, ó máa ń tó ₦24,000 tó mú wọlé. Epo lítà 25 lójúmọ́, a ń rà á ní nǹkan bí ₦200 nígbà yẹn, ₦5,000 nìyẹn. Dírẹ́bà àti kọ́ńdọ̀, ₦5,000. Tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì àti àwọn ọmọ ìta, ₦1,500. Ó ku ₦12,500. Ọkọ̀ kan o, àwa sì ní méjì! Ìyá Akápò á ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì torí adùn. Nígbà tí Kérésì dé, a pín mílíọ̀nù kan ó lé 600,000 láàárín ara wa, àwọn kan ra ewúrẹ́, àwọn kan san owó ilé ìwé ọmọ. Èmi ni mo kọ orúkọ àwọn tó gbowó sílẹ̀, orúkọ tèmi ló wà nípò kẹta.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún wa kò tiẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́. Mẹ̀káníkì ni. Oṣù kìíní 2023 tó ń pààrọ̀ búrẹ́kì, ó bi mí pé "Akọ̀wé, owó ogbó ọkọ̀ yìí dà?" Mo ní owó kí ni? Ó ní owó ogbó, ṣé ẹ rò pé ọkọ̀ kì í darúgbó ni, ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́jọ tó ń sáré láti àárọ̀ dalẹ́, tó bá ṣe ọdún márùn-ún kẹ́ ẹ yin Ọlọ́run, kí lẹ máa fi ra òmíì? Mo rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo mú bírò. Mílíọ̀nù mẹ́jọ, ọdún márùn-ún, 300 ọjọ́ lọ́dún, ó ń lọ sí ₦5,300 lójúmọ́. Kí n tó wá fi táyà, óìlì, búrẹ́kì àti ṣọ́kì kún un, ìyẹn náà tún tó ₦3,500. Nínú ₦12,500 tí à ń yọ̀ lé lórí, ₦8,800 ni kì í ṣe tiwa rárá. Owó ẹ́ńjìnì la fi ra ewúrẹ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni títí oṣù keje, ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lura. Ìparí oṣù kìíní sí oṣù kẹta 2023, gbogbo wa rántí, ìgbà tí CBN, báńkì àpapọ̀, ní ká kó owó àtijọ́ wá, tí tuntun ò sì sí. Ọkọ̀ ń rìn, èèyàn wà, owó ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kọ́ńdọ̀ á gbé nọ́ńbà àkáǹtì kiri inú bọ́ọ̀sì, ẹni ọgọ́rùn-ún náírà á ní òun ti ṣe tiransifá, álẹ́ẹ̀tì báńkì ò ní wọlé, a ó dé Tákíè, ẹni náà á bọ́ sílẹ̀, òògùn ni ká wá lò láti mọ̀ bóyá ó san tàbí kò san. Ìwé gbèsè ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣì wà níbí, ojú ewé mọ́kànlá, àwọn kan kàn kọ "Bọ̀dá aláṣọ pupa". Ta ni kí n wá lọ sin ní gbèsè?

Nígbà tó di 29 oṣù karùn-ún, Ààrẹ Tinubu búra tán, ó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí epo ti fò kọjá ₦500, nígbà tí oṣù keje ń parí ó ti lé ní ₦600. Láàárín méjèèjì, ní oṣù kẹfà, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ lọ́wọ́ dọ́là, gbogbo nǹkan tó ń jẹ́ páàtì ọkọ̀ tòkunbọ̀ gbé owó lé. A gbé owó ọkọ̀ sí ₦150, torí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní tí a bá ń gba iye tí Micra ń gbà, kí la fi yàtọ̀?

Owó ò wọlé mọ́. Ariwo wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ìbejì ń jẹ owó. Kọ́ńdọ̀ ń jẹ owó. Àwọn méjèèjì ti kọ́lé sí ọ̀nà Ìlọrin. Ẹnì kan tiẹ̀ búra pé òun rí àpò sìmẹ́ǹtì níwájú ilé Bàbá Ìbejì, ó wá jẹ́ pé àwọn aládùúgbò ẹ̀ ló ń ṣe gọ́tà. Ìpàdé gbóná, wọ́n ní kí akọ̀wé lọ jókòó sínú ọkọ̀ kí ó ka èèyàn. Bí mo ṣe di ọlọ́pàá inú bọ́ọ̀sì nìyẹn, ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú oṣù keje 2023.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti wà ní Under-G. Òtútù díẹ̀. Èèyàn ti tò bí ẹní fẹ́ gba sàárà, mẹ́rìnlá jókòó, ẹnì kan há ara ẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń bẹ kọ́ńdọ̀, àwọn tó kù dúró de ọkọ̀ kejì. Mo ṣírò ẹ̀ lórí, mo ní ah ah, owó rèé! A dé Tákíè, ọkọ̀ tú. A dé Sábó. A yí padà. Èèyàn méjì. Gbogbo ìlú ń lọ sí ibi kan náà láàárọ̀, ta ló máa bá wa bọ̀? Bàbá Ìbejì wo mí nínú díńgí, ó ní "Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o, méjì ni wọ́n, kí wọ́n má lọ sọ pé mo jẹ méjìlá yòókù."

Aago mọ́kànlá ló wá dùn mí jù. Ìyá arúgbó kan ló wọlé ní Under-G, àpò èlùbọ́ kan àti agbọ̀n kékeré, òun nìkan, àwa mẹ́ta tó kù òṣìṣẹ́ ni wá. Aago lù, a gbéra. Ìyá náà gbádùn ara ẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ní "Ọlọ́run á bù kún ẹgbẹ́ yín o, ẹ gbé mi bí ìyàwó." A ṣe àmín. Mo ń ṣírò epo tó gbé wa dé ibẹ̀, ó ń lọ sí nǹkan bí ₦470. Ìyá san ₦150, ó tún ní kí kọ́ńdọ̀ bá òun gbé àpò. Kí ni kí n wá sọ fún ìyá yẹn? Pé kó máa bá wa lọ láago mẹ́fà àárọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ iléèwé? Ọjà tiẹ̀ ò tíì ṣí.

Ọjọ́ mẹ́fà, mo kó gbogbo ẹ̀ jọ. Nínú ìrìn 32, mẹ́jọ péré ló ń kún, mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin nírọ̀lẹ́. Mẹ́jọ yẹn ń gbé nǹkan bí èèyàn 112. Ìrìn 24 yòókù, gbogbo wọn pọ̀, èèyàn 58. Lápapọ̀ 170 lójúmọ́, ₦25,500. Epo ₦15,000, dírẹ́bà àti kọ́ńdọ̀ tí a ti fi kún owó wọn ₦7,000, tíkẹ́ẹ̀tì ₦2,000, ó ku ₦1,500. Owó ogbó àti táyà sì rèé, ₦8,800 ló yẹ kó jẹ́, ẹ ò ṣáà ní fi àwáwí ra táyà. Ọkọ̀ kan ń jẹ wá ní ₦7,300 lójúmọ́, ó ń rìn, ó ń kí èèyàn, ó ń jẹ wá.

Olè ńkọ́? Ó wà. Ọjọ́ tí mo bá jókòó síbẹ̀, 170. Ọjọ́ tí mi ò sí, tí mo bá wo ìwé, 166. Èèyàn mẹ́rin, ₦600. Ká tiẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ ni kọ́ńdọ̀ ń fi jẹ ẹ̀kọ, lóṣù kan kò tíì tó owó táyà kan. Inú tó bí mi ni pé olè ₦600 ni ìpàdé fi oṣù méjì sọ̀rọ̀, ₦7,300 jókòó sáàárín wa, ẹnikẹ́ni ò kí i.

Ìpàdé oṣù kẹjọ ni mo ka ìwé yìí jáde. Mi ò tíì kà á tán tí ìyá kan fi dá mi lẹ́nu dúró, ó mú fóònù jáde, ó ní ọmọ òun l'Ékòó sọ pé ìjọba ti gé owó BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tiẹ̀, sí ìdajì láti ọjọ́ kejì oṣù náà, "Èkó ń gé e, ẹ̀yin ń sọ pé kò tó, ṣé ẹ gbọ́n ju Èkó lọ ni?" Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Òótọ́ sì ni, àbúrò mi tó ń gbé Ìkòròdú ti sọ fún mi, inú ẹ̀ ń dùn. Àmọ́ ìdajì tí èrò ò san, ta ló san án? Ìjọba ni. Epo BRT ò dín, dírẹ́bà BRT ò gba ìdajì owó oṣù. Àwa tí a jókòó sínú gbọ̀ngàn yẹn, àwa fúnra wa ni ìjọba ara wa, a ò wá mọ̀.

Àbúrò mi yìí ló jẹ́ kí n túbọ̀ mọ ọ̀rọ̀ Èkó, torí ó ti ń wọ BRT látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lóṣù kẹta 2008, Mile 12 sí CMS, bíi kílómítà 22. Ó ní èèyàn á rí ọ̀nà BRT kó máa rò pé bọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ látọdún 2002 tí wọ́n ti fi òfin dá LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà l'Ékòó, sílẹ̀, Báńkì Àgbáyé sì wà nídìí ẹ̀. Ọ̀nà ọ̀tọ̀, ibi ìdúró, ibi tí ọkọ̀ ń sùn, kò sí èyí tí wọ́n ní kí owó tíkẹ́ẹ̀tì èrò kọ́. Ọ̀rọ̀ rélùwéè ìgboro Èkó tiẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ: Jakande tó jẹ́ gómìnà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1983, ìjọba ológun Buhari fagi lé e ní 1985, owó tí wọ́n ti san gbé, wọ́n tún wá bẹ̀rẹ̀ òmíì ní nǹkan bí 2009, èrò ò sì wọ Blue Line, Marina sí Mile 2, kílómítà 13 péré, àfi ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án 2023. Ogójì ọdún! Buhari kan náà ló sì lọ ṣí i níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, kó tó gbéjọba sílẹ̀. Ayé yìí ṣá.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì náà dìde lọ́jọ́ yẹn, ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó ní kí ìpàdé má fi ìyà jẹ akọ̀wé, pé ìlú ńlá tí owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ń gbé ọkọ̀ ẹ̀ tọ́jọ́ ṣọ̀wọ́n. London gbára lé owó èrò gan-an, tí Kòrónà wá dé tí èrò jókòó sílé, oṣù karùn-ún 2020 ni ìjọba ní láti fún wọn ní pọ́n-ùn bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 600 kí ọkọ̀ má bàa dúró. Hong Kong, ilé ni wọ́n ń kọ́ sórí ibùdókọ̀ rélùwéè, owó ilé ni wọ́n fi ń gbé rélùwéè. Paris, láti 1971 ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó gba èèyàn síṣẹ́, bóyá ọ̀gá fúnra ẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀sì tàbí kò wọ̀ ọ́, wọ́n ní ṣebí bọ́ọ̀sì ló gbé òṣìṣẹ́ rẹ dé ẹnu iṣẹ́. (Ó fi ránṣẹ́ sí mi ní oṣù kìíní 2025 pé New York náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá wọ àárín Manhattan, owó náà ń lọ sí rélùwéè àti bọ́ọ̀sì. Ẹgbẹ́ wa ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nígbà yẹn, ó kàn fi ṣe mí ní ẹ̀sín ni.)

Alága rántí mass transit ayé Babangida, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, ó ní bọ́ọ̀sì ńláńlá tó ń dán, a máa ń sáré tẹ̀ lé e lójú títì, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà koríko ti ń hù nínú ẹ́ńjìnì àwọn míì. Ó ní nígbà yẹn òun rò pé àwọn ará ibẹ̀ ló jẹ owó. Ó wo Bàbá Ìbejì, ó wo mí, ó jókòó.

A gbìyànjú o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a ò gbìyànjú. A kọ́kọ́ gbé owó sí ₦200. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn pọ̀ sí i, àwọn ọmọ iléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́, owó tó wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. A wá ní ká gé ìrìn ọ̀sán kúrò, ká máa rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nìkan, ìyẹn dà bí ọgbọ́n lójú mi nígbà yẹn, torí mo ti rí ọkọ̀ òfìfo tó. Ọgbọ́n òmùgọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì tó bá lọ láago mẹ́fà tó sì parí láago méjì, tí kò rí ọkọ̀ wa bá bọ̀, á wá Micra tàbí ọlọ́kadà tí á máa gbé e lọ tí á máa gbé e bọ̀, kò ní wọ tiwa àárọ̀ mọ́. A gé ọ̀sán, èrò àárọ̀ náà bá dín. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìrìn mẹ́jọ tó ń kún di márùn-ún. Ìyá eléèlùbọ́ náà, mo pàdé ẹ̀ ní Tákíè, ó ní "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ já mi sílẹ̀." Mo dọ̀bálẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Èyí tí mo nígbàgbọ́ nínú ẹ̀ jù ni owó oṣooṣù. Mo gbé ìṣirò kalẹ̀: ₦7,300 lọ́nà méjì, ọjọ́ 26 lóṣù, ó ń lọ sí ₦380,000, a jẹ́ 212, tí kálukú bá fi ₦1,800 sílẹ̀ lóṣù, ọkọ̀ á máa rìn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ní ₦150, ogbó ẹ̀ náà á wà nílẹ̀. Kò tó owó káàdì fóònù ẹlòmíràn. Wàhálà wá dé. Àwọn tó ń gbé apá Ọjà Igbó ní ọkọ̀ náà ò gba ọ̀dọ̀ àwọn kọjá, kí ló kàn wọ́n? Àwọn tó ní mọ́tò tiwọn ní àwọn ò wọ bọ́ọ̀sì. Ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Tákíè ló pariwo jù, mo ní bọ̀dá, àwọn oníbàárà yín ta ló ń gbé wọn wá? Ó ní ẹsẹ̀ wọn ni. Ìdìbò: 61 fara mọ́ ọn, 97 kọ̀, àwọn tó kù ti lọ jẹun. Mi ò tíì dá ẹ̀bi fún àwọn tó kọ̀ tán, mi ò sì tíì gbà fún wọn. Wọ́n ń fẹ́ kí ọkọ̀ wà, wọ́n kàn ń fẹ́ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ láago mẹ́fà san ti ẹni tó wọ̀ ọ́ láago mọ́kànlá, bẹ́ẹ̀ ẹni aago mẹ́fà náà kò ní.

Oṣù kọkànlá 2023, gíá ọkọ̀ kejì wọ́. Owó gíá ò sí, torí owó gíá ló di ewúrẹ́. A ní kó sinmi díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ àkọ́kọ́ nílò báńpà ẹ̀yìn, a yọ ti èyí tó dúró. Lẹ́yìn náà ó nílò bátìrì, a yọ ọ́. Ọ́tánétọ̀ tó ń fún bátìrì níná, a yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń kọjá lọ́dọ̀ mẹ̀káníkì tí mo sì ń rí i, ojú tí wọ́n ti yọ iná ẹ̀, adìyẹ ti ń yé ẹyin sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ wo yáàdì bọ́ọ̀sì ìjọba èyíkéyìí, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń kú nìyẹn, wọ́n á fi ọ̀kan bọ́ ìkejì, títí ìkejì náà á fi dúró.

Ọkọ̀ kan kò lè ṣe ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí. Ó di wákàtí kan, ó di "ó ń bọ̀", ó di "ṣé ó máa wá lónìí?" Oṣù kejì 2024 la ta méjèèjì. Èyí tó ń rìn, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ààbọ̀. Èyí tí adìyẹ wà nínú ẹ̀, mílíọ̀nù méjì ó lé díẹ̀. Ẹ wá gbọ́ àrà: àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní a jèrè lórí ọkọ̀ àkọ́kọ́, mílíọ̀nù mẹ́jọ la rà á, mẹ́sàn-án ààbọ̀ la tà á. Mo ní kí wọ́n lọ béèrè iye tí irú ẹ̀ jẹ́ lọ́jà báyìí. Mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún ni wọ́n pè é fún alága. Wọ́n ṣì ń sọ pé a jèrè.

Nọ́ọ̀sì tó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti ní ọlọ́kadà kan tó ń gbé e báyìí, owó tó ń san lọ́sẹ̀ kan ju ₦1,800 tí òun fúnra ẹ̀ dìbò fún lọ. Kọ́ńdọ̀ tí wọ́n pè lólè wà ní Ìbàdàn, ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Ẹgbẹ́ kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì. Mo kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ká fi sí ìpàdé tó ń bọ̀, ìpàdé tó ń bọ̀ sì ti kọjá lẹ́ẹ̀mélòó kan.

Bàbá Ìbejì ti ra Micra tiẹ̀, hàyà pọ́ọ́ṣè ni, ó ń san owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo pàdé ẹ̀ ní Tákíè lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, mò ń lọ sí Under-G. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó kí mi dáadáa, ó bi mí nípa ọmọ àti ìyàwó. Èèyàn mẹ́ta ti wà nínú ọkọ̀ ṣáájú mi. Mo jókòó, mo ní Bàbá Ìbejì, ṣé ká máa lọ? Ó wo mí nínú díńgí bó ṣe máa ń wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní "Akọ̀wé, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ku méjì."

A lo ogójì ìṣẹ́jú níbẹ̀.